Abolhasan Saba: Ọ̀gá olórin Iran tó mú kí violin sọ èdè Páṣíà

Tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó gbé orin ìbílẹ̀ Iran dé ibi tó wà lónìí, orúkọ Abolhasan Saba kì í gbẹ́yìn. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i nílùú Tehran, oṣù Kejìlá ọdún 1957 ló sì dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún 55. Láàárín ìgbà náà, ó kọ́ ohun èlò orin bíi márùn-ún, ó mọ̀ wọ́n dójú àmì, ó kọ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ orin, ó kó orin àwọn ará abúlé jọ, ó ṣiṣẹ́ ní rédíò, ó sì tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ tí àwọn náà padà di ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n violin ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbàrònú, torí pé violin kì í ṣe ohun èlò ilẹ̀ Iran, àwọn Òyìnbó ló gbé e débẹ̀. Saba gba nǹkan àlejò yìí, ó fi ta orin àwọn baba ńlá rẹ̀, orin náà kò sì sọ ohùn rẹ̀ nù. Iṣẹ́ yìí mú èrè ńlá wá. Ó sì mú àdánù kan wá pẹ̀lú, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó padà wá ṣàtúnṣe rẹ̀.

Ọmọ dókítà, àrọ́mọdọ́mọ akéwì ààfin

Inú ìdílé tó mọyì ìwé àti orin ni wọ́n bí Saba sí. Dókítà ni bàbá rẹ̀, Abolqasem Khan, tó jẹ oyè Kamal os-Saltaneh. Orúkọ Saba tí ìdílé náà ń jẹ́, láti ọ̀dọ̀ Fath-Ali Khan Saba ló ti wá. Ọkùnrin yìí ni olórí àwọn akéwì láàfin Fath-Ali Shah, ọba tó jẹ ní Iran láti 1797 títí di 1834.

Bàbá Saba kì í ṣe olórin tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Ìfẹ́ ló fi ń ta setar nínú ilé rẹ̀. Ohun èlò kékeré ni setar, okùn mẹ́rin ló ní, èékánná ìka ìfábẹ̀lá ni wọ́n fi ń ta á, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ débi pé inú yàrá ló dára jù fún. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá rí i pé ọwọ́ ọmọ òun já fáfá, ó mú un lọ bá àwọn tó mọ̀ jù ú lọ.

Àwọn tí Saba kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá mọ ìtàn orin Iran á mọ̀ pé orúkọ ńlá ni wọ́n. Ó jókòó ti Mirza Abdollah, ọ̀gá àgbà tó kó ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ náà sórí. Ó lọ sọ́dọ̀ Darvish Khan, òun náà gbajúmọ̀ nínú setar àti tar. Ali Akbar Shahi kọ́ ọ ní santur, èyí tí wọ́n máa ń fi igi fẹ́ẹ́rẹ́ méjì lu okùn rẹ̀. Haji Khan kọ́ ọ ní tombak, ìyẹn ìlù tí wọ́n ń gbé lé itan, tí wọ́n sì ń fi ìka lù. Hossein Khan Esmailzadeh kọ́ ọ ní kamancheh. Hossein Hangafarin ló kọ́ ọ ní violin.

Láyé ìgbà náà, kò pọ̀ kí èèyàn kan ṣoṣo kọ́ gbogbo èyí. Ẹni tó ń ta setar á dúró ti setar, onílù á dúró ti ìlù rẹ̀. Ohun tí Saba ní tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní nìyẹn: ó mọ ọ̀nà tí orin kan náà ń gbà jáde lára ohun èlò kọ̀ọ̀kan.

Orin tó wà nínú orí àgbà

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí Saba ṣe, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí orin ìbílẹ̀ Páṣíà ṣe rí. Ó pín sí ìdílé ńlá méje tí wọ́n ń pè ní dastgah, àti márùn-ún mìíràn tó so mọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní avaz. Inú ìdílé kọ̀ọ̀kan ni àwọn orin kéékèèké wà, gusheh ni wọ́n ń pè wọ́n. Àpapọ̀ gbogbo wọn ni radif. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ radif yìí lórí. Ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n tán ló tó lè máa dá tirẹ̀ sí i, tí á máa hun orin jáde lójú ẹsẹ̀.

Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí nígbà tí Saba wà lọ́mọdé. Ọ̀gá á ta á, ọmọ ẹ̀kọ́ á tún un ta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é fún ọdún gbọọrọ. Ewu tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Tí ọ̀gá kan bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tó mọ̀ bá a wọlẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀gá kan tiẹ̀ wà tí wọn kì í fẹ́ fi gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ hàn. Mirza Abdollah kú ní 1918. Darvish Khan kú ní 1926, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọlu kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó gbé e nílùú Tehran. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún péré ni Saba nígbà náà, àwọn àgbà tó kọ́ ọ sì ti ń lọ níkọ̀ọ̀kan.

Kamancheh àti àlejò tó gba ipò rẹ̀

Ẹni tó bá mọ gòjé tí wọ́n ń lò nínú orin sákárà kò ní pẹ́ mọ kamancheh. Igbá roboto kan ló ní, awọ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, ọrun tí wọ́n fi irun ẹṣin dè ni wọ́n sì ń fà lórí okùn rẹ̀ kó tó dún. Irin kan yọ nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e dúró lórí orúnkún tàbí nílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé, tí olórin bá fẹ́ bọ́ láti orí okùn kan sí òmíràn, kamancheh fúnra rẹ̀ ló máa ń yí díẹ̀, ọrun á dúró sójú kan. Okùn mẹ́ta ló ní tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi ẹyọ kan kún un lẹ́yìn tí violin dé.

Ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láyé Naser al-Din Shah, ni violin wọ Iran, nígbà tí ààfin ń gba àwọn olùkọ́ orin ológun láti ilẹ̀ Faransé. Kò pẹ́ tí àwọn oníkamancheh fi rí i pé nǹkan yìí bá ọwọ́ àwọn mu. Kò ní ìlà lọ́rùn bíi ti gìtá, ìka lè tẹ ibi tó bá wù ú. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé orin Páṣíà ní àwọn ohùn kan tó bọ́ sí àárín kọ́kọ́rọ́ funfun àti dúdú dùùrù, tí dùùrù kò lè mú jáde. Violin lè mú wọn jáde. Ohùn rẹ̀ sì tún lọ sókè ju ti kamancheh lọ, ó kún gbọ̀ngàn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ Hossein Khan Esmailzadeh ló gbé kamancheh sílẹ̀ tí wọ́n sì kọjú sí violin. Saba wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ lára kamancheh kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń gbọn ìka, bó ṣe ń dá ọrun dúró díẹ̀ kó tó fà á lọ, bó ṣe ń jẹ́ kí violin ké bí ẹni tó ń kọrin avaz, ọ̀nà àwọn àgbà ló gbà ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní rò pé Òyìnbó ló ń ta á.

Ilé-ẹ̀kọ́ Vaziri, ìrìn àjò lọ sí Rasht

Ní 1923, Ali-Naqi Vaziri padà dé láti Yúróòpù, níbi tó ti lọ kọ́ orin. Kò pẹ́ tó fi dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ nílùú Tehran. Vaziri gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa kọ orin Iran sílẹ̀ bí àwọn Òyìnbó ṣe ń kọ tiwọn, ó sì ṣe àmì tuntun fún àwọn ohùn àárín tí Òyìnbó kò ní àmì fún. Koron àti sori ni orúkọ àwọn àmì náà, wọ́n sì ń lò wọ́n dòní. Saba forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti ń di ọ̀gá. Ibẹ̀ lòun àti Ruhollah Khaleghi ti jọ wà, ẹni tó padà kọ ìtàn orin Iran sínú ìwé.

Ní 1927, wọ́n rán Saba lọ sí Rasht láti lọ bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ orin níbẹ̀. Rasht ni olú-ìlú agbègbè Gilan, létí òkun Caspian lápá àríwá Iran, níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa tí wọ́n sì ń gbin ìrẹsì. Èdè Gilaki ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, wọ́n sì ní orin tiwọn. Ó ṣe nǹkan bí ọdún méjì lọ́hùn-ún.

Ẹlòmíràn tó ti ìlú ńlá wá lè rò pé orin àwọn àgbẹ̀ àti darandaran kò tó nǹkan. Saba kò rò bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́tí sí orin àwọn ará oko àti ará òkè, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀. Lára wọn ló ti rí èyí tó sọ di orin violin tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀, Zard-e Malijeh. Ẹyẹ ológoṣẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Láti agbègbè Deylaman, ó mú orin kan wá tó fi sínú ìdílé Dashti, tí wọ́n sì wá ń kọ́ mọ́ radif. Ẹ wò ó bó ṣe jẹ́: orin abúlé wọlé jókòó láàárín àwọn orin tó ti ààfin wá, kò sì sẹ́ni tó lé e jáde.

Ìgbà tí ìjọba kẹ̀yìn sí orin ìbílẹ̀

Láyé ọba Reza Shah, ìjọba fẹ́ kí Iran dà bíi Yúróòpù ní kíákíá. Orin náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1934, wọ́n yọ Vaziri nípò olórí ilé-ẹ̀kọ́ orin ìjọba. Gholam-Hossein Minbashian ló gba ipò rẹ̀, orin Òyìnbó nìkan ni wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ níbẹ̀. Wọ́n yọ orin Iran kúrò nínú ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Iran.

Fún ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. Ilé ara rẹ̀ ni Saba ti ń kọ́ àwọn tó bá wá bá a. Ẹni tó fẹ́ violin á rí violin kọ́, ẹni tó fẹ́ setar tàbí santur á rí i kọ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ iṣẹ́ igi pẹ̀lú, ó lè tún ohun èlò ṣe, ó sì lè kan tuntun. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò kọ́ni mọ́, ilé Saba kò dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ìwé rẹ̀ ṣe ìyókù. Ó kọ ìwé mẹ́ta fún violin, ó tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Ó kọ ti santur, ó sì kọ ti setar. Ó fi àmì sí i bó ṣe yẹ kí wọ́n fa ọrun. Àwọn kan gbà pé orin ìbílẹ̀ kò ṣeé kọ sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí rẹ̀ á lọ. Saba mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó ti ń kọ ìwé náà ló ṣì ń jókòó ti ọmọ ẹ̀kọ́ ní ojú kojú. Ìwé ń tọ́jú orin, olùkọ́ sì ń tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ta á.

Nígbà tó yá, ìlù tún yí padà. Ní 1949, Khaleghi dá ilé-ẹ̀kọ́ orin ìbílẹ̀ sílẹ̀ nílùú Tehran, kí orin Iran lè tún rí ilé gbé. Saba wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Rédíò dé

Oṣù Kẹrin ọdún 1940 ni Rédíò Tehran bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Saba wà lára àwọn olórin tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì sí téèpù tí wọ́n máa gba ohùn sí ní ìgbà náà. Olórin á jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohun tó bá ta lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ìlú á gbọ́. Tó bá ṣi í ta, ó ti ṣì í nìyẹn.

Ṣáájú rédíò, inú ilé àwọn ọlọ́lá àti ààfin ni orin tó jinlẹ̀ yìí pọ̀ sí jù. Àwo orin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló lówó ẹ̀rọ tó ń lù ú? Rédíò kan ṣoṣo ní ilé tíì kan lè gbé ohùn violin Saba dé etí ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹni tí kò lè wọ ilé ọlọ́lá rí wá ń gbọ́ orin tí wọ́n ń ta níbẹ̀.

Hossein Tehrani ló sábà máa ń lu tombak tì í. Ọ̀rọ̀ Tehrani náà fi irú èèyàn tí Saba jẹ́ hàn. Àwọn èèyàn kò ka ìlù tombak sí nígbà náà, wọ́n rò pé ti àwọn alárìnjó òde àríyá lásán ni. Saba, tó ti kọ́ ìlù náà lọ́mọdé, kò fojú kékeré wò ó. Ó kọ́ Tehrani, ó sì fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Tehrani ló padà sọ tombak di ohun èlò tí wọ́n ń gbọ́ lórí ìtàgé ní òun nìkan, láìsí olórin mìíràn níbẹ̀.

Santur náà fẹ́ẹ̀ẹ́ parun. Nígbà tí Habib Somai, ọ̀gá santur, kú ní 1946, ìwọ̀nba èèyàn ló kù tó mọ ọ̀nà rẹ̀. Saba wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Faramarz Payvar wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Payvar yìí ló wá di baba santur ní Iran, tó gbé e kiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò

Nígbà tí Saba fi máa kú ní 1957, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti kún rédíò. Ali Tajvidi, Habibollah Badiei, Mehdi Khaledi àti Homayoun Khorram, gbogbo wọn ló di ìlú mọ̀ọ́ká nídìí violin, ọwọ́ kálukú wọn sì yàtọ̀. Èyí fi hàn pé Saba kò sọ wọ́n di ẹ̀dà ara rẹ̀. Shahriar, akéwì ńlá tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ ewì dárò rẹ̀. Itẹ́ òkú Zahir-od-Dowleh, ní àríwá Tehran, ni wọ́n sin ín sí, níbi tí Darvish Khan, ọ̀gá rẹ̀, ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Ní 1974, wọ́n sọ ilé rẹ̀ tó wà ládùúgbò Zahir-ol-Eslam di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ohun èlò orin rẹ̀ àti ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àdánù tó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Bí violin ṣe ń gbilẹ̀, kamancheh ń wọ̀. Bí Saba àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe mọ iṣẹ́ náà tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún ohun èlò àwọn baba wọn. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, ìwọ̀nba èèyàn ló ṣì ń ta kamancheh dáadáa nílùú Tehran. Olórí wọn ni Ali-Asghar Bahari, tí wọ́n bí ní 1905, tó sì kú ní 1995. Òun náà ti fìgbà kan ta violin, kó tó tún gbé kamancheh padà sọ́wọ́.

Ibí yìí ni irúgbìn Saba ti tún hù. Ní 1968, Dariush Safvat, ẹni tó ti kọ́ setar lọ́dọ̀ Saba, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Tehran láti dáàbò bo orin ìbílẹ̀. Bahari wà lára àwọn àgbà tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Rahmatollah Badiyi, tó kọ́ violin lọ́dọ̀ Saba, gbé kamancheh nínú ẹgbẹ́ olórin Payvar. Ohun tó sọ nù lọ́wọ́ ọ̀gá, àwọn ọmọ rẹ̀ bá a wá a rí. Ní 2017, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ṣíṣe kamancheh àti títa rẹ̀ sínú àkójọ ogún àṣà gbogbo ayé, lórúkọ Iran àti Azerbaijan.

Lónìí, wọ́n ń kọ́ violin àti kamancheh ní Iran, èkíní kò pa èkejì. Ọmọ tó bá fẹ́ fi violin ta orin ìbílẹ̀ ṣì ń ṣí ìwé àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí Saba kọ. Tó bá sì tẹpá mọ́ ọn, bópẹ́ bóyá, á dé orí Zard-e Malijeh, orin ológoṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Tehran kan lọ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará oko Gilan, tó sì kà á sí ohun tó yẹ kó kọ sílẹ̀.